Ìdajì Ìpín Tí Toheeb Fi Sílẹ̀

Ilé Kejìlá,
Òpópónà Adébọ̀dé,
Ṣómólú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà, ọdún 2019.
Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Atẹ́gùn tútù ń ti ọ̀nà ọ̀sà bọ̀.

Suliat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tí ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe níbi bọ́ọ̀lù. Ṣé ẹsẹ̀ náà ti ń tẹlẹ̀ dáadáa? Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àlejò. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀. Ara tèmi náà le, àfi ojú tí kò fẹ́ rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, tí mo sì ń bá jiyàn pé kò tíì tó àkókò awò. Ìyá àwọn ọmọ mi kí ọ. Ó ní kí n béèrè bóyá wàrà Ìlọrin ṣì dùn bí èyí tí o gbé wá lọ́jọ́sí, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè kọ́ nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ni.

Lánàá, gbogbo ìlú wà ní ìsinmi nítorí ọjọ́ ìjọba àwa-ara-wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò ní oṣù Karùn-ún wá sí oṣù Kẹfà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan kò dún ní àdúgbò wa, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní Ṣómólú sì nìyẹn. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, mo ka ìka: ó ti pé ogún ọdún tí àwọn ológun ti gbé ìjọba fún àwọn alágbádá. O rántí ọdún náà. A ti kúrò ní pólì, a ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá wa, a sì ń tẹ àwòrán àwọn tí ń du ipò: ti ẹgbẹ́ kan láàárọ̀, ti ẹgbẹ́ tí ń bú u lọ́sàn-án, lórí ẹ̀rọ kan náà. Àbúrò rẹ, Toheeb, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Orí ìdì bébà ni ó máa ń sùn sí títí ìwọ yóò fi pọ̀n ọ́n lọ sílé ní Bàrígà, bí ó tilẹ̀ ti dàgbà kọjá ẹni tí à ń pọ̀n. Bí ó bá jí, a óò ní kí ó bá wa ka bébà. Bí ó bá ti ṣì í kà, ìbáà jẹ́ ní ogún tàbí ní irinwó, kì í méfò. Yóò dà á sílẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Ọ̀gá wa máa ń bínú pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Jọ̀wọ́, fi ọmọ yẹn sọ́kàn bí o ṣe ń ka lẹ́tà yìí.

Inú ìwé ni mo kọ ọ́ sí nítorí n kò fẹ́ kí ó wà lórí fóònù. Ohun tí a bá sọ lórí wọ́sáàpù, ẹni tí a kò sọ ọ́ fún ni ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. O mọ̀ mí: ìwé àkọsílẹ̀ mi ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ jù, inú àpótí onírin ni mo sì ń tì í mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ti ilé yín ni.

Nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ ní oṣù tó kọjá, ohun méjì ni o béèrè. Èkíní, kí n bá ọ bẹ Màmá yín kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ ní Ìlọrin, nítorí àyà tí ń dùn wọ́n àti ọ̀rinrin ẹ̀bá ọ̀sà. Èkejì, o ní kí ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí Toheeb fi sílẹ̀ ń wá gan-an nínú yàrá Màmá láti ọjọ́ yìí wá tí kò rí, tí wọn kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni pa á. Èkejì ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn èkíní wà.

Ẹnìkan wà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tí a kò sì mọ ìlú rẹ̀. Ó to àwọn àpótí kan sílẹ̀ lórí ayélujára, ó fi bítíkóìnì, owó tí kò ní bébà, sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tì wọ́n pa, ó sì kéde fún gbogbo ayé pé ẹni tí ó bá rí kọ́kọ́rọ́ àpótí ni ó ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà kì í ṣe irin, nọ́mbà ni. Ó sọ ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà àti ibi tí kíkà dópin, ó ní nọ́mbà náà wà láàárín méjèèjì, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí àkọ́kọ́ rọrùn, èyí tí ó tẹ̀lé e le jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Nítorí náà, a kì í já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ìdíje gbangba ni. Màmá fúnra wọn ti béèrè èyí níṣojú mi ní ọdún 2016, nígbà tí Toheeb kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ńlá náà wọlé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ lẹ́rán.

“Toheeb, ṣé kì í ṣe yàhúù?”

“Màmá! Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n Ezekiel. Ṣé èèyàn jẹ́jẹ́ báyìí lè bá mi ṣe yàhúù?”

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ezekiel tó ń sá fún ajá? Ó dáa. Ẹ máa wá a.”

Bí o bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń wá a, rántí bàbá mi. Ẹ̀yin onílẹ̀ Bàrígà máa ń wo àwa ọmọ Ìlàjẹ lórí omi bí ẹni pé ibi tó bá wù wá ni à ń da àwọ̀n sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ọ̀pá pín ojú ọ̀sà. Ẹni tí ó bá ti da àwọ̀n yí ìpín rẹ̀ ká, tí kò rí ẹja, yóò so àkísà pupa mọ́ ọ̀pá, kí ẹlòmíràn má baà fi agbára rẹ̀ ṣòfò níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá so àkísà mọ́ ibi tí kò da àwọ̀n sí, ẹja yóò wà níbẹ̀ tí yóò máa lúwẹ̀ẹ́, gbogbo èèyàn yóò sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ohun tí èmi àti Toheeb ṣe gan-an nìyẹn. Òun ni ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, èmi mọ ìwé títò. A mú ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà, a pín àwọn nọ́mbà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè jẹ́ sí ìpín-ìpín, a sì bẹ àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú àti Bàrígà, àwọn atẹ̀wé àti àwọn tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, pé nígbà tí ẹ̀rọ wọn bá ń sinmi, kí ó bá wa wá a. Kò sí owó oṣù, kò sí dandan. Bí a bá rí i, a óò jùmọ̀ pín in. Mẹ́tàdínlógún ni wá. Ẹ̀rọ tí ó bá parí ìpín rẹ̀ yóò fi àmì ẹ̀rí ránṣẹ́, èyí tí kò lè mọ̀ bí kò bá wá ibẹ̀ lóòótọ́. Èmi yóò kọ àmì náà sínú ìwé ńlá kan tí mo fi rúlà là bí ìwé iṣẹ́ ìtẹ̀wé, n óò sì lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi sí i: Ó TI PARÍ. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń tẹ orúkọ gbogbo wa àti iye ìpín tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti parí, n óò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. O kò ní gbàgbọ́ bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń du ipò lórí ògiri yẹn. Ọdẹ́túnjí, tí ó ni ẹ̀rọ tí ń gé bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, máa ń fi ìka gún orúkọ Toheeb lókè tirẹ̀, yóò ní, “Ọmọ yìí, ṣé o kì í sùn ni?” Toheeb a ní ẹ̀rọ òun ni kì í sùn, pé òun ń sùn dáadáa ní tòun.

Mo dé ibi tí ó le. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìpín 3,117 ni ó wà lọ́wọ́ Toheeb. Ní ọjọ́ Ajé, ó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, mo sì dà á kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti mú iná lọ. Mo ti ṣe ìdajì. Tí iná bá dé, màá parí ẹ̀.” Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ibà dá a dùbúlẹ̀. Ìwọ náà mọ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e. N kò ní tún un sọ.

O kò tíì dé láti Ìlọrin nígbà tí wọ́n kírun sí i lára, ọ̀nà kò jẹ́. Nítorí náà o kò gbọ́ ohun tí ààfáà sọ. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́yìn, n kò mọ ibi tí n bá gbé ọwọ́ mi sí. Ààfáà yíjú sí wa. Ó ní bí ẹnìkan bá wà tí olóògbé jẹ ní gbèsè, kí ó jáde wá bá ẹbí, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ fún un nítorí Ọlọ́run, kí ẹrù má baà wọ̀ ọ́ lọ́rùn níbi tí ó ń lọ. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní tiwa. Ó wọ̀ mí lára. Mo rò ó pé Toheeb kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ìwé mi ní ìdajì ìpín kan.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, n kò bọ́ bàtà, n kò jókòó. Mo ṣí ìwé ńlá, mo wá ìlà 3,117. Àyè àmì ẹ̀rí ṣófo níbẹ̀. Mo gbé òǹtẹ̀, mo lù ú síwájú orúkọ rẹ̀: Ó TI PARÍ. Mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi tí ń pín iṣẹ́ fún gbogbo wa, kí ìwé àti ẹ̀rọ lè bá ara wọn mu. Mo ní, Toheeb, mo fi í sílẹ̀ fún ọ nítorí Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó sunkún.

O lè bi mí pé, ṣé n kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ lè wà níbẹ̀ ni? Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpín ni ó wà nílẹ̀, ìdajì ọ̀kan nínú wọn kò sì ju ife omi kan lọ nínú ọ̀sà. Ta ni yóò ka ife omi sí ọmọ tó kú lọ́rùn?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá ní kí n wá bá wọn tan ẹ̀rọ náà. Bí iná ṣe dé ojú rẹ̀, ó béèrè ohun tí ó máa ń béèrè: ṣé kí òun máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí òun dé? Iṣẹ́ tí ó ń sọ ni ìdajì 3,117. Nítorí pé mo ti kọ ọ́ pé ó ti parí, mo dáhùn pé rárá, mo sì fún un ní ìpín tuntun. Suliat, àbúrò rẹ ti lọ, ẹ̀rọ rẹ̀ sì fẹ́ parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo dá a dúró.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́ lórúkọ Toheeb. Ní ti èéfín jẹnẹrétọ̀ tí o ń ké sí, fi ọkàn balẹ̀, mo ti bá wọn ra bátìrì ńlá sí i láti èṣí. Màmá a máa fi aṣọ fẹ́lẹ́ nu ẹ̀rọ náà láràárọ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọn a ti Bàrígà wá dúró síwájú ògiri mi. Wọn kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí. Wọn a gbé ìka lé e.

“Ezekiel, ṣé ó ti rí i?”

“Kò tíì rí i, Màmá. Ó ń wá a lọ.”

“Kò burú. Kò sóhun tó ń lé e.”

Wọn a sì máa lọ. Nígbà tí mo bá wọn sọ ti Ìlọrin gẹ́gẹ́ bí o ṣe bẹ̀ mí, wọn kò bínú. Wọ́n ní, “Sọ fún Suliat pé màá wá. Ṣùgbọ́n ẹni tíṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé a máa ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí? Tó bá ti rí i, màá di ẹrù mi.” Ìdáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìtúnu ààwẹ̀, ẹnìkan ní òkè òkun ṣí àpótí náà. Kì í ṣe ọ̀kan nínú wa. Ó kó ohun inú rẹ̀, ó sì fi nọ́mbà náà hàn fún gbogbo ayé. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣírò ibi tí ó bọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣírò rẹ̀. Ìpín 3,117 ni, ní ìdajì kejì, kò jìnnà rárá sí ibi tí iná ti lọ mọ́ Toheeb lọ́wọ́. Àkísà pupa tí mo so, orí ẹja gan-an ni mo so ó sí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Màmá gbé ìrẹsì ọdún wá fún mi nínú ìkòkò kékeré tí wọ́n fi aṣọ wé. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Wọ́n gbé ìka lé orúkọ, wọ́n béèrè ìbéèrè wọn. Mo ní ó ń wá a lọ. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún ìyá rẹ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, ìrẹsì wọn ni ó sì wà lẹ́nu mi tí mo fi pa á.

Ní ọjọ́ kejì, Sátidé, gbogbo wa pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù. Munirat, tí ó ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Bàrígà, ti ṣírò tirẹ̀, ó sì ti mọ ìpín tó jẹ́, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè pa á mọ́. Ọdẹ́túnjí dúró níwájú ògiri. Lọ́jọ́ náà, kò fi ìka gún orúkọ kankan.

“Ọdún mẹ́ta!” ni ó wí. “Ọdún mẹ́ta la fi wá a, Bàrígà níbí ló wà, lábẹ́ ìdí Toheeb. Ó ní òun ti parí ẹ̀. Ó purọ́ fún wa!”

Munirat ní, “Ọdẹ́túnjí, fi òkú sílẹ̀ kó sinmi. Ìwọ tí ẹ̀rọ ẹ ń sùn ju olówó ẹ̀ lọ, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀.”

“Ẹ̀rọ mi ń sùn, mo sì ń sọ pé ó sùn! Ṣé mo purọ́ rí ni? Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ ọ́. Ṣé mo purọ́ fún yín rí?”

Mo ní kò purọ́ rí. Ohun kan ṣoṣo tí ó jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

Ó ní, “Èmi ni mo wọ inú sàárè tí mo gbà á lọ́jọ́ ìsìnkú. Èmi yìí.” Ó sì jókòó sórí ìdì bébà, ó fi ẹ̀yìn sí wa.

Mo wá rí i pé kì í ṣe bítíkóìnì ni ó ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ọ̀rẹ́ òun tan òun, kò sì sí ẹni tí òun lè bá jà. Àwọn yòókù ní kí a pa orúkọ Toheeb rẹ́ kúrò nínú ìwé àti lára ògiri, kí a má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wa wá àpótí tó kàn. Mo ní kí wọ́n fún mi di Sátidé tó ń bọ̀, kí n yẹ ìwé wò. Ìwé tí mo ti yẹ̀ wò tán, Suliat. Ìlà tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

N kò ní fi ìdí tí mo fi dákẹ́ pamọ́ fún ọ. Àwọn ẹgbẹ́ wa yìí gbẹ́kẹ̀ lé mi nítorí pé wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tí kì í kọ ohun tí kò rí. Bí mo bá jẹ́wọ́, ìwé mi kò níyì mọ́, ohun kan ṣoṣo tí mo sì ní tí àwọn ẹlòmíràn kò ní ni ìwé náà. Mo wò ó síhìn-ín, mo wò ó sọ́hùn-ún, mo sì jẹ́ kí òkú gbé ẹrù mi rù. Ọjọ́ mẹ́wàá nìyí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá ààfáà tó kírun sí i lára. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ẹni ń béèrè fún ẹlòmíràn: pé bí ẹnìkan bá fi gbèsè sílẹ̀ fún olóògbé, tí ìpalára sì ti ibẹ̀ jáde, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ààfáà gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, “Ṣé gbèsè ẹni yẹn nìkan ni, àbí ti ọ̀pọ̀ èèyàn?” Mo ní ti èèyàn mẹ́tàdínlógún ni. Ó ní, “Sọ fún ẹlòmíràn náà pé ìpín tiẹ̀ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi sílẹ̀. Àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù, ó yẹ kó bi wọ́n.” Mo dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ó tún pè mí. “Sọ fún un pẹ̀lú pé inúure ló ṣe é. Kó má sunkún jù.” Ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èmi ni ẹlòmíràn náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó lánàá, nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ ìsinmi yẹn, tí mo ń rántí ọmọ ọdún mẹ́jọ lórí ìdì bébà. Ọmọ tí kì í méfò ní irinwó bébà kò lè sọ pé òun ti parí ohun tí òun kò parí. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé ìdajì ni. Kò sí ẹlòmíràn láyé tí ó ní ẹ̀rí yìí lọ́wọ́ bí kò ṣe èmi, èmi náà ni mo sì tì í mọ́ inú àpótí onírin.

Bàbá àwọn ọmọ rẹ yóò gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń bọ̀ ní ìdájí ọ̀la. Bá mi kí i, kí o sì kí àwọn ará ilé ọkọ rẹ tí wọ́n gbà mí lálejò ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Bí o bá rò pé mo ṣẹ ilé yín, sọ ọ́ fún mi láìfi bò, n óò gbà á. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: pe Màmá ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kí wọ́n má baà dá nìkan wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí n óò gbé tọ̀ wọ́n lọ.

Nítorí mo ti pinnu. Lọ́la, n kò ní jẹ́ kí wọ́n wá sí Ṣómólú. Èmi ni n óò lọ bá wọn ní Bàrígà kí wọ́n tó lọ kírun. N óò sọ fún wọn pé àpótí náà ti ṣófo, pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú ìpín ọmọ wọn, àti pé òǹtẹ̀ mi ni kò jẹ́ kí ó rí i. Ní Sátidé, n óò gbé ìwé ńlá àti ìwé àkọsílẹ̀ mi síwájú gbogbo ẹgbẹ́, n óò fi àyè tó ṣófo han Ọdẹ́túnjí kí ó fi ìka ara rẹ̀ kàn án, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò purọ́ fún un. Lẹ́yìn náà n óò gbé ìwé fún Munirat, bí wọ́n bá fẹ́ kí ó máa tọ́jú rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Bí Màmá bá gbà, n óò bá ẹ̀rọ Toheeb sọ ohun tí ó yẹ kí n ti sọ fún un ní ọdún méjì sẹ́yìn, pé kí ó máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí ó dé. Ìdajì 3,117 ṣì wà nínú rẹ̀, kò pa á rẹ́. Kò ní gbà ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Kò sí èrè kankan níbẹ̀ mọ́, n óò sì rí i pé Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣùgbọ́n yóò dé ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà wà, yóò sì fi àmì ẹ̀rí ránṣẹ́. A óò kọ àmì náà sí àyè rẹ̀. N kò ní lu òǹtẹ̀ kejì. Èyí tí mo lù lọ́jọ́ ìsìnkú ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ṣáájú iṣẹ́ dé ni.

Bóyá Màmá yóò di ẹrù wọn wá bá ọ nígbà náà, bóyá wọn kò ní di í. N kò lè ṣèlérí ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la, bí wọ́n bá gbé ìka lé orúkọ rẹ̀ tí wọ́n bi mí bóyá ó ti rí i, n óò lè dáhùn wọn.

Mo ti kó ìwé méjèèjì sínú báàgì. Bàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀la nìkan ni ó kù.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí kò yẹ̀ títí di òní,

Ezekiel Ikúmápàyí.